Bí ẹ ṣe lè yí òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà padà sí lítà àti mílílítà, láti orí ṣíbí dé orí gálọ́ọ̀nù

Ẹni tó bá ti fi ìlànà tí ará Amẹ́ríkà kọ ṣe kéèkì rí á mọ ohun tí mò ń wí. Ìwé ní kí ó bu ìyẹ̀fun "2 cups", kí ó da wàrà "1 pint" sí i, kí ó sì fi bọ́tà "1 stick" kún un. Ife ìdiwọ̀n tó rà lọ́jà sì rèé, mílílítà ni wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló ń bá ẹni tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà fínra, tí ìwé ọkọ̀ náà ń sọ pé "5 quarts" ni ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ń gbà, nígbà tó jẹ́ pé lítà ni àwọn tó ń ta ọ́ìlì lọ́dọ̀ wa fi ń tà á. Ó sì ń bá ìyá ọmọ tí àbúrò rẹ̀ fi oògùn ikọ́ ránṣẹ́ sí láti Houston.

Ìṣirò kan náà ni gbogbo rẹ̀, kò sì le. Ohun tó máa ń da nǹkan rú ni ìbéèrè tí èèyàn kò bi ara rẹ̀ kó tó tẹ kakulétọ̀: gálọ́ọ̀nù ta ni? Áúńsì wo? Ṣíbí èwo? Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí fi jẹ́ ìbéèrè, kí a tó kan nọ́ńbà rárá.

Ohun tí ẹ nílò ò pọ̀: ife ìdiwọ̀n tó ní ìlà mílílítà, ṣíbí ìdiwọ̀n mílílítà 5 tàbí sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, àti kakulétọ̀ orí fóònù. Bí ẹ bá ní síkéèlì kékeré tí wọ́n ń lò nílé ìdáná, èyí tó ń fi gíráàmù hàn, ó dáa gan-an.

Kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ yí páálí tàbí ìgò náà sẹ́yìn sọ́tùn-ún, kí ẹ kà á dáadáa. Láti ọdún 1994 ni òfin Amẹ́ríkà ti ń béèrè pé kí ọ̀pọ̀ ọjà tí wọ́n dì sínú páálí gbé òṣùwọ̀n méjèèjì sára. Agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wọn máa ń ní "12 FL OZ" àti "355 mL" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgò omi kékeré wọn, "16.9 FL OZ", kò ju 500 mL lọ, ìyẹn 50cl tiwa. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n ti bá yín ṣe ìṣirò náà tán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ti Amẹ́ríkà ni àbí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì?

Gálọ́ọ̀nù méjì ló wà láyé yìí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó òṣùwọ̀n náà dé Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso ibẹ̀, gálọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wọn ọtí wáìnì láti ayé Ọbabìnrin Anne. Nígbà tó di ọdún 1824, ilé aṣòfin Britain pa àwọn gálọ́ọ̀nù àtijọ́ tì, wọ́n sì fi òfin gbé ọ̀kan tó tóbi jù ú lọ kalẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní imperial, tí omi inú rẹ̀ wúwo tó páùn mẹ́wàá. Amẹ́ríkà ti gba òmìnira nígbà náà, wọn ò bá wọn yí i padà. Ti àtijọ́ ló kù sí wọn lọ́wọ́ títí dòní.

Nítorí náà, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546. Ìyàtọ̀ àárín wọn ju lítà kan dín ní ìdámẹ́rin lọ. Páìntì náà tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀: mílílítà 473 ni ti Amẹ́ríkà, 568 ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Áúńsì ohun olómi ló wá yí bìrí. Ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ mílílítà 29.57, ló tóbi díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ 28.41, torí pé áúńsì 16 ló wà nínú páìntì Amẹ́ríkà, tí ti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ 20.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó wà níwájú yín? Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ìlànà tó bá dárúkọ "all-purpose flour", "confectioners' sugar", "cornstarch" tàbí "stick" bọ́tà, tó sì ní kí ẹ gbé iná ààrò sí 350°F, Amẹ́ríkà ló ti wá. Èyí tó bá sọ "plain flour", "icing sugar" àti "cornflour", Britain ni, ibẹ̀ sì sábà máa ń lo gíráàmù, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ará Australia ló kọ ọ́, ẹ fura sí ṣíbí ìjẹun wọn: mílílítà 20 ni, kì í ṣe 15.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà, ẹ rántí pé ẹ̀kẹta tún wà nílẹ̀. Ohun tí à ń pè ní gálọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ilé àti ti ọ́ìlì ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà 4 ni. Kò bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba, kò sì bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé gálọ́ọ̀nù kan, ẹ bi í pé lítà mélòó ló ní lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣé àyè tó gbà ni wọ́n ń sọ, àbí ìwúwo rẹ̀?

Oz (áúńsì) àti fl oz (áúńsì ohun olómi) kì í ṣe ọ̀kan náà. Oz lásán jẹ́ ìwúwo, gíráàmù 28.35 ni. Fl oz jẹ́ àyè tí ohun olómi gbà, mílílítà 29.57. Fún omi àti wàrà, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ìdí sì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń pò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú oyin wò: ó wúwo gan-an ju omi lọ. Kọ́ọ̀pù oyin kan, tó jẹ́ fl oz 8, ń lọ sí bíi gíráàmù 340, ìyẹn oz 12. Ẹni tó bá wọn oz 8 oyin sórí síkéèlì nígbà tí ìwé ní fl oz 8 ti dín oyin náà kù ní ìdámẹ́ta.

Òfin kékeré kan wà tí ẹ lè dì mú: bí ìlànà Amẹ́ríkà bá kọ oz fún nǹkan tí kò ṣàn, bíi wàràkàṣì, ṣokoléètì tàbí ẹran, ìwúwo ni. Bó bá kọ ọ́ fún nǹkan tó ń ṣàn, bíi wàrà, omi tàbí òróró, àyè ni. Bọ́tà wọn sì ní ètò tirẹ̀. "Stick" kan jẹ́ gíráàmù 113, ó sì jẹ́ ìdajì kọ́ọ̀pù. Ẹ má wulẹ̀ yọ́ bọ́tà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sórí síkéèlì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ bí wọ́n ṣe bí ara wọn

Nínú ìwé yìí, màá máa pe tsp ní ṣíbí tíì, tbsp ní ṣíbí ìjẹun, cup ní kọ́ọ̀pù. Quart di kọ́ọ̀tì.

Ṣíbí tíì 3 ló di ṣíbí ìjẹun 1.
Ṣíbí ìjẹun 2 ló di áúńsì ohun olómi 1.
Áúńsì ohun olómi 8 ló di kọ́ọ̀pù 1.
Kọ́ọ̀pù 2 ló di páìntì 1.
Páìntì 2 ló di kọ́ọ̀tì 1.
Kọ́ọ̀tì 4 ló di gálọ́ọ̀nù 1.

Iye wọn ní mílílítà nìyí:

Ṣíbí tíì: 4.93
Ṣíbí ìjẹun: 14.79
Áúńsì ohun olómi: 29.57
Kọ́ọ̀pù: 236.6
Páìntì: 473.2
Kọ́ọ̀tì: 946.4
Gálọ́ọ̀nù: 3,785, ìyẹn lítà 3.785

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà t. Àwọn kan máa ń fi t kékeré kọ ṣíbí tíì, wọ́n á fi T ńlá kọ ṣíbí ìjẹun. Ìlọ́po mẹ́ta ni ìyàtọ̀ wọn. t kékeré tí ẹ kà sí T ńlá níbi baking powder kéèkì, kéèkì á rì. Nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yan nọ́ńbà tó bá iṣẹ́ mu

Kò sí ẹni tó lè fi ojú rí mílílítà 236.6 lára ife ìdiwọ̀n. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn mọ èyí. Nínú òfin tó de àkọsílẹ̀ oúnjẹ ara páálí wọn, kọ́ọ̀pù jẹ́ mílílítà 240, áúńsì ohun olómi jẹ́ 30, ṣíbí ìjẹun jẹ́ 15, ṣíbí tíì jẹ́ 5. Àwọn nọ́ńbà mẹ́rin yìí ni kí ẹ máa lò nílé ìdáná. Ohun tí ẹ fi kún un kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, bó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà lẹ fi wọn gbogbo èròjà, gbogbo wọn á jọ pọ̀ sí i pa pọ̀, ìyẹ̀fun kò ní ju wàrà rẹ̀ lọ.

Tí nǹkan bá ti di gálọ́ọ̀nù, ẹ padà sí nọ́ńbà gidi. Ká ní ẹ fẹ́ mọ lítà tó wà nínú gálọ́ọ̀nù 20. Bí ẹ bá fi 4 ṣe é, ẹ máa rí 80. Bí ẹ bá fi 3.785 ṣe é, ẹ máa rí 75.7. Lítà mẹ́rin àti díẹ̀ ti sọnù sáàárín. Lórí owó epo ọkọ̀, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ jẹ́ kí gígé nọ́ńbà gbẹ̀yìn. Ẹ parí ìṣirò pátápátá, kí ẹ tó wá gé e kúrú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń gé e ní gbogbo ìdúró, àṣìṣe á máa gun orí ara wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀

Láti Amẹ́ríkà bọ̀ sí mílílítà, ẹ fi nọ́ńbà òkè yẹn sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín di púpọ̀. Kò sí nǹkan mìíràn ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi kéèkì kan ṣe é. Ìlànà náà ní:

2½ cups all-purpose flour
1½ cups sugar
2 sticks butter
¾ cup milk
1 tbsp baking powder
½ tsp salt
2 tsp vanilla

Wàrà ló rọrùn jù. Ìdámẹ́rin mẹ́ta nínú 240 jẹ́ 180, nítorí náà mílílítà 180. Fànílà jẹ́ ṣíbí tíì 2, mílílítà 10. Baking powder jẹ́ ṣíbí ìjẹun 1, ìyẹn mílílítà 15, tàbí ṣíbí mílílítà 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iyọ̀ jẹ́ 2.5, ìdajì ṣíbí mílílítà 5. Bọ́tà jẹ́ 113 lẹ́ẹ̀mejì, gíráàmù 226.

Ìyẹ̀fun ló gba sùúrù. Ní ti àyè, 2½ nínú 240 jẹ́ mílílítà 600, ẹ sì lè wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kì í jókòó bákan náà nínú ife. Bí ẹ bá ki ife bọ inú àpò ìyẹ̀fun, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tí ẹ fà á yọ, kọ́ọ̀pù kan lè wúwo tó gíráàmù 150. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi ṣíbí rò ó kó fẹ́lẹ́, tí ẹ rọra ń fi ṣíbí bù ú sínú ife títí tó fi yọrí, tí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ rẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ láìtẹ̀ ẹ́, ó máa wà ní bíi 120. Ife kan náà, ìyẹ̀fun kan náà, ìyàtọ̀ gíráàmù 30 lórí kọ́ọ̀pù kan. Tó bá fi máa di kọ́ọ̀pù méjì ààbọ̀, ẹ ti fi gíráàmù 75 kún un láìmọ̀, kéèkì á le bí òkúta, ẹ̀bi á sì padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ìlànà. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ gbogbo ẹni tó ń ṣe kéèkì tà pé kí ó ra síkéèlì. Fún ìyẹ̀fun, ẹ fi 120 sọ 2½ di púpọ̀: gíráàmù 300. Fún ṣúgà, kọ́ọ̀pù kan jẹ́ bíi gíráàmù 200, kọ́ọ̀pù kan ààbọ̀ sì jẹ́ 300.

Ní ti ohun olómi, ibi tí ojú yín wà ṣe pàtàkì. Ẹ gbé ife sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ má gbé e dání. Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín fi bá ìlà dọ́gba. Ẹ ó rí i pé omi gùn díẹ̀ létí ife, ó sì rì díẹ̀ láàárín. Àárín yẹn lẹ máa kà. Ẹni tó dúró lókè wo ife á rò pé omi ti kún ju bó ṣe wà lọ.

Bí ẹ ò bá ní ife ìdiwọ̀n, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ìgò ọjà wa ń lo cl, cl kan sì jẹ́ mílílítà 10, nítorí náà ìgò omi 75cl jẹ́ mílílítà 750, 50cl jẹ́ 500. Ẹ wá ife tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Bí síkéèlì bá wà, ẹ gbé ife náà sórí rẹ̀, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ da omi sí i títí dé gíráàmù 240, torí gíráàmù omi kan jẹ́ mílílítà kan. Ẹ fi máàkà fa ìlà síbẹ̀. Kọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ fa òmíràn sí 120 fún ìdajì, sí 60 fún ìdámẹ́rin, sí 80 fún ìdámẹ́ta. Bí síkéèlì ò bá sí, sìríńjì mílílítà 20 lẹ́ẹ̀méjìlá á gbé yín dé 240.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Tó bá jẹ́ oògùn, ẹ fi ṣíbí ilé sílẹ̀

Níbi kéèkì, àṣìṣe kékeré ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Níbi oògùn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ṣíbí tíì kan jẹ́ mílílítà 5, ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ 15, ṣùgbọ́n ìwọ̀nyí jẹ́ òṣùwọ̀n, wọn kì í ṣe ṣíbí tó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Ṣíbí tí a fi ń jẹun kò ní ìwọ̀n kan pàtó, ti ilé yìí yàtọ̀ sí ti ilé kejì. Sìríńjì oògùn tàbí ife kékeré tó bá ìgò náà wá ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ka mílílítà ara rẹ̀.

Bí ìwé oògùn bá ní "1 tsp", ẹ kọ 5 mL sí ara páálí náà pẹ̀lú gègé kí ẹ tó fún ọmọ. Ẹni tó bá kà á sí ṣíbí ìjẹun á fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́ta oògùn.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé kéèyàn yí mílílítà padà dáadáa kó sì tún ṣì í. Ẹ wo paracetamol ọmọdé, èyí tí wọ́n ń pè ní acetaminophen ní Amẹ́ríkà. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní mílígíráàmù 160 nínú mílílítà 5. Ní Britain àti lọ́dọ̀ wa, 120 tàbí 125 lẹ máa rí lára ọ̀pọ̀ ìgò ọmọdé. Mílílítà 5 kan náà ni, oògùn inú rẹ̀ ló pọ̀ ju ara wọn lọ. Torí náà, tí oògùn bá ti òkè òkun dé, ẹ má fi ìwọ̀n tí ẹ ti mọ́ tẹ́lẹ̀ bù ú. Ẹ ka mílígíráàmù tó wà nínú mílílítà 5, ẹ mọ bí ọmọ ṣe wúwo tó, kí ẹ sì gbé ìgò náà lọ bá apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì kó bá yín sọ iye tó tọ́.

Mílíìkì ọmọ ọwọ́ náà ní tirẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ agolo Amẹ́ríkà, ṣíbí inú agolo kan ni wọ́n máa ń ní kí ẹ fi pò áúńsì ohun olómi 2, ìyẹn mílílítà 60. Lára ti Britain, ṣíbí kan sí mílílítà 30 ló wọ́pọ̀. Ṣíbí inú agolo kálukú ló bá agolo rẹ̀ mu. Ẹni tó bá gbé ṣíbí agolo kan bọ inú òmíràn, tàbí tó fi ìlànà èyí po tọ̀hún, á po mílíìkì tó ki jù, tó lè ba inú àti kíndìnrín ọmọ jẹ́, tàbí èyí tó ṣàn jù tí ebi á máa pa ọmọ lórí rẹ̀. Ẹ ka agolo tó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ keje: Gálọ́ọ̀nù, ọkọ̀ àti dúrọ́ọ̀mù

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà pọ̀ nínú ohun tí mẹkáníìkì ń tún ṣe lójoojúmọ́, nítorí náà apá yìí yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe mọ owó yín. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì: kọ́ọ̀tì jẹ́ lítà 0.946. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní kọ́ọ̀tì 5, ẹ fi 0.946 sọ ọ́ di púpọ̀, lítà 4.73. Nílé ìtajà, ẹ máa ra kẹ́ẹ̀gì lítà 4 kan àti ti lítà 1 kan, ẹ máa da ti lítà 4 tán, ẹ ó sì da bí ìdámẹ́rin mẹ́ta ti kékeré sí i, ìyókù á ṣẹ́kù sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó da lítà 5 gbáko sí i ti kọjá ìwọ̀n, ọ́ìlì tó pọ̀ jù sì máa ń hó nínú ẹ́ńjìnì bí ó ti ń yí, kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ fa ọ̀pá ìdiwọ̀n ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, kí ẹ tún fà á yọ wò. Ọ̀pá yẹn ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Táǹkì epo gálọ́ọ̀nù 16 ń gba lítà 60.6. Bí wọ́n bá bá yín ta lítà 70 sínú rẹ̀ nílé epo nígbà tí epo kò tíì tán nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí ẹ bi wọ́n.

Tí wọ́n bá ní ọkọ̀ kan ń rin máìlì 25 lórí gálọ́ọ̀nù kan, tí wọ́n ń kọ ní 25 mpg, ẹ fi 25 pín 235. Ìdáhùn jẹ́ 9.4: lítà 9.4 ló máa jẹ fún kìlómítà 100. Iye 235 yẹn kò yí padà fún gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà. Ẹ kíyè sí i pé pípín ni èyí, kì í ṣe ìsọdipúpọ̀, torí náà bí mpg bá ṣe ń ga sí i ni lítà ń dín kù.

Dúrọ́ọ̀mù irin tí a fi ń gba omi òjò jẹ́ gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 55, ìyẹn lítà 208. Àgbá epo rọ̀bì tí ẹ ń gbọ́ iye owó rẹ̀ nínú ìròyìn jẹ́ gálọ́ọ̀nù 42, lítà 159. Kò sí ẹni tó ń gbé epo rọ̀bì sínú àgbá bẹ́ẹ̀ mọ́, òṣùwọ̀n nìkan ló kù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ yẹ ìdáhùn wò

Lítà gbọ́dọ̀ pọ̀ ju gálọ́ọ̀nù lọ nígbà gbogbo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Kọ́ọ̀tì àti lítà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kọ́ọ̀pù mẹ́rin gbọ́dọ̀ sún mọ́ lítà kan. Bí ìdáhùn yín bá sọ pé gálọ́ọ̀nù 10 jẹ́ lítà 2.6, pípín lẹ ṣe níbi tó yẹ kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ má sì kọ nọ́ńbà lásán sílẹ̀ láìkọ òṣùwọ̀n rẹ̀ tì í. Ní July 23, 1983, ọkọ̀ òfurufú Air Canada kan gbéra láti Montreal lọ sí Edmonton. Ọkọ̀ tuntun tó ń lo kìlógíráàmù ni, lásìkò tí Kánádà ń bọ́ sínú òṣùwọ̀n lítà. Kìlógíráàmù epo 22,300 ló yẹ kó gbé. Nígbà tí wọ́n ń yí lítà epo padà sí ìwúwo, 1.77 ni wọ́n lò, èyí tó jẹ́ páùn inú lítà kan, dípò 0.8 tó jẹ́ kìlógíráàmù. Nọ́ńbà tó jáde bára mu lórí ìwé, ṣùgbọ́n páùn ni, kò sì tó ìdajì epo tó yẹ. Ẹ́ńjìnì méjèèjì kú lójú ọ̀run. Ọ̀gá awakọ̀ darí ọkọ̀ náà láìsí ẹ́ńjìnì títí ó fi balẹ̀ sí pápákọ̀ àtijọ́ ti àwọn ológun òfurufú ní Gimli, ní Manitoba. Èèyàn 69 ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó kú.

Google náà lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ "3 cups in ml", ó máa fèsì lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń yan gálọ́ọ̀nù tàbí páìntì, ẹ wò ó bóyá "US liquid" ni ẹ yàn tàbí "Imperial". Ẹ ó tún rí "US dry" níbẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń wọn èso wẹ́wẹ́ lọ́hùn-ún, páìntì rẹ̀ sì jẹ́ mílílítà 551, kò bá ti omi dọ́gba.

Láti lítà padà sí Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń fi ìlànà oúnjẹ ránṣẹ́ sí láti ilé, nọ́ńbà kan náà lẹ máa fi pín in. Omi mílílítà 750: ẹ fi 240 pín in, kọ́ọ̀pù 3 ló jáde, ó ku mílílítà 30, ṣíbí ìjẹun 2. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25: ẹ fi 3.785 pín in, gálọ́ọ̀nù 6.6. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, mílílítà 100 tí wọ́n gbà pé kí ẹ gbé sínú àpò ọwọ́ jẹ́ áúńsì ohun olómi 3.4, nítorí náà ìgò ìpara tí wọ́n kọ "4 fl oz" sí, tó jẹ́ mílílítà 118, inú àpótí ńlá ló yẹ kó wọ̀.

Kọ́ńgò ni ẹ ò ní rí lórí Google. Kọ́ńgò ọjà kan lè má bá ti ọjà kejì dọ́gba, kò sì sí nọ́ńbà kan tí mo lè fún yín. Ẹ ní kí ẹni tó wà nílé da omi sínú kọ́ńgò tó ń lò gan-an láti inú ìgò 75cl tó kún, kó máa ka ìgò tó dà sí i, kó sì fojú wo ibi tí ìgò tó kẹ́yìn kù sí. Ẹ fi 750 sọ iye ìgò náà di púpọ̀, ẹ fi 240 pín in, ẹ ó mọ iye kọ́ọ̀pù tó kún dé etí kọ́ńgò. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa ń bu ẹ̀wà tàbí gàrí rẹ̀ kó ga sókè ju etí lọ, ẹ ní kí wọ́n fi kọ́ọ̀pù onílà 240 ka òkè yẹn lọ́tọ̀, kí ẹ sì rò ó mọ́ ọn.